Ẹnu-Ọ̀nà Ilé Don Belisario

Ọjọ́ tí wọ́n gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi Lemuel, orí pápá tí a ti ń sá kòkó ni, oòrùn òwúrọ̀ sì ti ń ta. Èmi ni mo ṣa àwọn ìka náà kúrò láàárín kòkó. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú Olúwa títí ọkàn mi fi fúyẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi lè jókòó sọ ọ́ báyìí láìgbọ̀n. Ìfẹ́ ló fa ẹ̀jẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ìfẹ́ náà ló sì nù ún.

Ní abúlé wa, Bẹ́tẹ́lì, lẹ́bàá rélùwéè tó lọ sí èbúté Limón, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ń sọ. Àwọn bàbá wa wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Jàmáíkà láti gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bẹ́tẹ́lì ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ náà ni a sin wọ́n sí. Nígbà tí àwọn òyìnbó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó ẹrù wọn lọ sí etíkun kejì, a wá rí i pé orí ilẹ̀ tí a kò lè bá ìjọba rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni a wà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ọmọ-ìlú ní láti dúró níwájú akọ̀wé, kí ó dáhùn ní èdè Sípéènì.

Màmá Hortense, opó pásítọ̀ wa, dìde ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ mọ gbogbo orin ìyìn lórí, ẹ kò lè béèrè omi mímu lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Ojú kò tì yín?" Ó ní kí á máa kọ́ èdè náà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí a bá ti oko dé. Ó sì wá tíṣà fún wa.

Tíṣà náà ni Otilia Brenes. Bàbá rẹ̀, Don Belisario, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pè é, ló ni ọgbà màlúù ńlá tó wà lódìkejì odò. Ará òkè Cartago ni, kò sì gbọ́ èdè wa rárá. Ó máa ń sọ pé bí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbà kí ọmọ òun kọ́ wa nítorí pé ó fẹ́ kí á tu iṣu gbígbóná náà dànù.

Ọ̀rọ̀ tábìlì ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ ní kíláàsì. Otilia kọ ọ́ sára pátákó, ó ní ní èdè Sípéènì obìnrin ni tábìlì, ọkùnrin sì ni ìwé.

Màmá Hortense bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Tíṣà, ta ló tú aṣọ rẹ̀ wò?"

Gbọ̀ngàn dà rú fún ẹ̀rín. Otilia pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Màmá, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹ ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ mìíràn ó sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ohun tí ènìyàn jẹ́ àti ipò tó wà, ṣùgbọ́n Sípéènì pín in sí méjì. "Èmi jẹ́ tíṣà, ọ̀kan nìyẹn. Ó ti rẹ̀ mí, òmíràn nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ mi lára. Ti èkejì, bí mo bá sùn, á lọ."

Lemuel nawọ́ láti ẹ̀yìn. Agbẹ̀ kòkó ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi ní kíláàsì yẹn. "Tíṣà, ọkùnrin tí ìfẹ́ bá kó sí lórí, èwo ni yóò lò?"

"Èyí tó máa ń lọ."

"Á jẹ́ pé èdè yín ṣì í sọ."

"Èdè wa ti rí ọkùnrin púpọ̀ ni."

"Kò tíì rí mi."

Otilia yí padà sí pátákó, ó ń nu ibi tí kò kọ nǹkan kan sí. Èmi Ionie, tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé ẹ̀yìn ọrùn Otilia ti pọ́n.

Ó tún kọ́ wa pé nínú ilé àwọn, kò sí ẹni tí wọn kì í pè ní ẹ̀yin: bàbá ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀, ọkọ ń pe aya bẹ́ẹ̀, ajá pàápàá, "ẹ kúrò níbẹ̀" ni.

Lemuel ní, "Bí bàbá yín bá ń nà yín ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìgbà yẹn gan-an ló máa ń pọ̀ jù."

Ohun tí Lemuel fẹ́ràn jù ni àmì ìbéèrè wọn. Ní èdè náà, yàtọ̀ sí èyí tó máa ń wà ní ìparí, wọ́n ń fi òmíràn tó doríkodò sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ìdí rẹ̀. Otilia ní, "Kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé ìbéèrè ń bọ̀, kí ó má bàa já a láyà." Ẹ̀gbọ́n mi ń fi igi ya àmì náà sílẹ̀ káàkiri ọ̀nà oko. Mo máa ń rí i níbi gbogbo, bí ìwọ̀ ẹja.

Nígbà tó yá, Lemuel bẹ̀rẹ̀ sí í sin Otilia dé ẹsẹ̀ afárá odò náà. Kò ré afárá kọjá rí. Wọn kì í fọwọ́ kan ara wọn, mo lè búra, nítorí èmi ni mo máa ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Otilia ń tọ́ Sípéènì rẹ̀ sọ́nà, Lemuel náà ń kọ́ ọ ní orin wa.

Níbẹ̀ ni Ramiro, ẹ̀gbọ́n Otilia, ti rí wọn. Ó wà lórí ẹṣin. Ó fa okùn awọ yọ lára gàárì, ó sì fi nà Lemuel lójú. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ ẹnu rẹ̀.

"Ramiro!" Otilia kígbe.

"Ẹ máa lọ sílé, Otilia. Ìwọ ẹlẹ́nu iṣu, ìhín lo ń gbé, ọ̀hún là ń gbé. Odò ló wà láàárín. Ṣé o rí odò?"

Lemuel nu ojú rẹ̀. "Mo rí i. Mo rí afárá náà."

Ramiro tún nà án, ó sì lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Otilia sọ gbólóhùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wa. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Lemuel lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó ní, "Bí ẹ bá fẹ́ mi, ẹ má fi mí pamọ́. Ẹ tọrọ ẹnu-ọ̀nà lọ́wọ́ bàbá mi."

Lemuel mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, tàbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n: kí bàbá fún ọkùnrin láyè láti máa wọlé wá jókòó ti ọmọ rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. Otilia kò sọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àwa náà kò béèrè. Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọ?

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń wá aya kì í fẹnu ara rẹ̀ tọrọ. Ìwà ọ̀yájú ni. Àwọn àgbà ni yóò wọ aṣọ funfun lọ, òun yóò jókòó sílé, yóò máa gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Hortense ṣe dé fìlà funfun rẹ̀, díákónì méjì tẹ̀lé e, èmi sì ru kéèkì àgbọn. A ré afárá kọjá ní òwúrọ̀, inú wa ń dùn.

Don Belisario jókòó sí ìloro, ó ń mu kọfí. Ó rí aṣọ funfun wa, ó dìde.

Màmá Hortense ti há Sípéènì tirẹ̀ sórí. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Don Belisario. A wá nítorí ọmọbìnrin yín àti ọmọkùnrin wa."

"Ẹ̀yin àgbà lẹ wá?"

"Àwa àgbà ni."

"Òun dà?"

"Kò yẹ kí òun wá."

Mo rí i tí ojú ọkùnrin náà kú. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé kọ́ọ̀bù kọfí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó pe Otilia. Bí ọmọ náà ti yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín kí ó tó rí aṣọ wa, bàbá rẹ̀ já kòbókò màlúù lára ògiri.

"Ẹ ti pa mí," ó ń wí, ó sì ń nà án. "Ẹ ti ba orúkọ mi jẹ́! Ẹ̀yin tí mo tọ́!" Kòbókò ń sọ ṣàà. Aṣọ ya lẹ́yìn rẹ̀, ẹran ara ya. Otilia ṣubú sórí orúnkún, ó ń pariwo pé, "Papá, kí ni mo ṣe?" Màmá Hortense sáré bọ́ sí àárín wọn, kòbókò já òun náà léjìká, fìlà rẹ̀ fò lọ. Àwọn díákónì wọ́ ọ sẹ́yìn. Kéèkì bọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ajá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ramiro ti gbé àdá, ó ti gun ẹṣin.

Mo gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, mo sáré títí àyà mi fi fẹ́ bẹ́. Nígbà tí mo dé pápá kòkó, Ramiro ti bọ́ sílẹ̀. Lemuel dúró láàárín kòkó, inú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wà, ó ń retí ìròyìn ayọ̀. Ramiro gbé àdá láti ṣá a lórí. Lemuel nawọ́ òsì sókè, àdá sì bá a níbẹ̀.

Ó fi ọwọ́ tó kù gbé àdá tirẹ̀ nílẹ̀. Irin kan irin. Ó gbá Ramiro lẹ́sẹ̀ ṣubú, ó gun orí àyà rẹ̀, ó fi ẹnu àdá sí ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ òun fúnra rẹ̀ sì ń kán sí ojú ọmọkùnrin náà. Mo rí ikú lójú ẹ̀gbọ́n mi. Mo pariwo, "Bọ̀dá Lemuel, ẹ̀gbọ́n Otilia ni o!"

Ó pẹ́ kí ó tó gbọ́. Nígbà tó gbọ́, ó ju àdá rẹ̀ jìnnà, ó bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, ó sì dákú.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé Otilia lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Cartago. Àwọn ọ̀dọ́ wa kó kẹrosíìnì, wọ́n ní àwọn yóò sun ọgbà màlúù náà tòun tàwọn tó ni ín. Màmá Hortense gbé àga rẹ̀ sí àárín afárá, ó jókòó, èjìká rẹ̀ wú, ó ń kọrin ìyìn.

"Màmá, ẹ kúrò lọ́nà," ọ̀kan nínú wọn wí.

"Mo ti gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ da tèmi lé mi lórí. Mo ti gbó, mo máa jó dáadáa."

Wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ìkórìíra kò padà. Ó wà ní ilé wa, ó ń bá wa jẹun. Ibà mú Lemuel, ó ṣe bí ẹni tí kò ní yè, ó yè. Kò lọ sí kíláàsì mọ́, kíláàsì kò sì sí mọ́. Bí mo bá ń di ọwọ́ rẹ̀, ó máa ń wí pé, "Ionie, kí ni a ṣe? Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ̀ wọ́n ni. Kí ló wà nínú ẹ̀bẹ̀ tí ó tó èyí?" Ní òru mi mo ń gbàdúrà pé kí odò kún kí ó gbé ilé Don Belisario lọ. Olúwa dárí jì mí, kò sì gbọ́ mi.

A ká kòkó, a tún ká òmíràn. Mo wà ní ibùdókọ̀ ojú irin, mo ń ka àpò kòkó wa sínú ọkọ̀, nígbà tí Otilia sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú obìnrin ńlá kan, àbúrò bàbá rẹ̀. Don Belisario ń dúró dè wọ́n. Obìnrin náà kò dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ tán.

"Belisario! Mo ti retí oyún yìí títí ó fi sú mi! Kò sí nǹkan kan nínú ọmọ yín ju ìrẹsì mi tó jẹ lọ. Ẹ gbà á, ẹ gbé e lọ!"

Gbogbo ibùdókọ̀ gbọ́. Don Belisario wo ilẹ̀, ó gbé àpótí, ó ṣíwájú. Mo fa aṣọ Otilia.

"Oyún wo?"

Ó wò mí bí ẹni tó rí òkú tó ń rìn. "Oyún tí ẹ wá sọ. Kí ló dé tí òun kò fi wá fúnra rẹ̀, Ionie? Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọbìnrin á dá wá, á fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ. Bí àwọn àgbà bá ṣáájú rẹ̀ wá, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n gbé kéèkì dání, oyún ti wọ inú ilé nìyẹn, wọ́n wá bo ìtìjú ni. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n."

"Lọ́dọ̀ wa, bí ó bá dá wá, ó ti tàbùkù bàbá yín nìyẹn."

Otilia bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Èmi tí mo kọ́ yín ní gbogbo nǹkan."

Mo sọ ọ́ fún Lemuel àti Màmá Hortense nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Màmá ń fọwọ́ pa èjìká rẹ̀. Lemuel bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn gbọ́.

"Nítorí kéèkì," ó wí.

"Nítorí kéèkì," Màmá dáhùn. "Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

"Màmá, ọwọ́ mi rèé."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ọwọ́."

"Mo fẹ́ ẹ. Kò lọ. Tíṣà ní ó máa ń lọ, kò lọ."

Èmi ni mo bínú. Mo ní, "Bọ̀dá, wọ́n gé yín lọ́wọ́, ẹ tún fẹ́ lọ kúnlẹ̀ fún wọn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé ọmọ wọn!" Màmá ní kí n dákẹ́. Ó ní, "Lemuel, àwa gbé ẹnu rẹ lọ lẹ́ẹ̀kan, a sì gbé e ṣì. Ìwọ ni yóò gbé e lọ báyìí. Wọ́n lè pa ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ, lọ ní ọwọ́ òfo."

Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, ó gbé àdá rẹ̀ kọ́ sára ògiri ilé, ó sì ré afárá kọjá. Mo tẹ̀lé e dé ìdí igi gúáfà lójú ọ̀nà, níbi tí mo ti lè rí ilé náà, tí mo sì lè gbọ́ ohùn.

Ramiro wà lẹ́nu géètì. Ó rí i, ó gbé àdá.

Lemuel bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ibẹ̀, sókè, ní Sípéènì. "Don Belisario, orúkọ mi ni Lemuel Gayle—"

Ramiro fi ẹ̀gbẹ́ àdá gbá a lẹ́nu. Ó ṣubú. Ó dìde, ó tẹ̀síwájú.

"Don Belisario, orúkọ mi ni—"

Àdá gbá a ní ìhà, ó tẹ̀ kọ́rọ́. Ramiro ń tàpá sí i, ó ń pariwo pé, "Ẹ lọ! Ẹ lọ! Mo máa pa yín!" Mo gbọ́ ọ pé ó ti ń pè é ní ẹ̀yin, kò sì jọ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Lemuel fi ọwọ́ oníka méjì fa ara rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìloro. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Don Belisario, orúkọ mi..."

Bàbá náà dìde lórí àga. "Ramiro, ta ló tẹ̀lé e wá?"

"Kò sí ẹnìkan, Papá."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan."

"Kò mú àdá?"

Ramiro wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó di àdá mú. "Kò mú u."

"Ẹ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó dá wá gbọ́dọ̀ gba èsì."

Lemuel tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó má bàa kan àtẹ̀gùn wọn. "Orúkọ mi ni Lemuel Gayle. Kò sí ẹni tó rán mi, kò sì sí ohun tí mo wá bò. Ìbéèrè ni mo gbé wá. Ṣé ẹ lè fún mi ní ẹnu-ọ̀nà ilé yín, kí n máa wá rí ọmọ yín níṣojú yín?"

Otilia ti jáde sí ìloro. Àpá kòbókò yọ lókè apá rẹ̀. Don Belisario wo àpá náà, ó wo ọwọ́ Lemuel, ó sì jókòó.

"Otilia," ó wí, "ọjọ́ yẹn..."

"Ẹ kò bi mí, Papá. Ká ní ẹ bi mí ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìdí igi gúáfà, ẹkún àgbàlagbà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sun ún. Mo ti fẹ́ kí odò gbé e lọ. Mo dúró síbẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú èmi náà.

Nígbà tó yá ó gbé ojú sókè. "Ẹ wọlé," ó wí fún Lemuel. "Ẹ nu ẹnu yín kí ẹ tó jókòó."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un ní ẹnu-ọ̀nà. Ó ń lọ jókòó síbẹ̀ tọ̀sán tọ̀sán lọ́jọ́ Ìsinmi, Don Belisario á jókòó sí àárín wọn, á máa tọ́ Sípéènì rẹ̀ sọ́nà láìrẹ́rìn-ín. Kíláàsì padà sí gbọ̀ngàn. Màmá Hortense gba ìwé ọmọ-ìlú, ó sì sọ fún akọ̀wé pé kí ó dìde lórí obìnrin, nítorí orí tábìlì ni akọ̀wé jókòó sí.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí pásítọ̀ tó wá láti Limón ní kí ọkọ na ọwọ́ òsì fún òrùka, Lemuel nà án. Ìka tí òrùka yẹ kí ó wọ̀ kò sí níbẹ̀. Don Belisario yí ojú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Ramiro, níbo ni ìka àna yín wà?"

Ramiro dìde, ó jáde. Otilia mú ọwọ́ ọ̀tún Lemuel, ó fi òrùka sí i níbẹ̀, ó ní, "Èyí náà, tèmi ni." Ìjọ sì gbé orin sókè.

Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè ni a jẹ, pẹ̀lú màlúù tí Don Belisario pa. A rò pé Ramiro ti lọ. A rí i tó wọlé, ó fa àga, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Lemuel láìwo ojú rẹ̀. Ẹran ńlá wà nínú àwo ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ oníka méjì kò sì lè di ẹran mú kí èkejì gé e. Ramiro yọ ọ̀bẹ rẹ̀. Ó fa àwo náà sọ́dọ̀, ó gé ẹran náà wẹ́wẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gé e fún ọmọdé, ó sì tì í padà.

"Ẹ jẹun, àna mi," ó wí.

Lemuel jẹ ẹ́. Wọ́n ti bí ọmọ báyìí, ọmọ náà ń sọ èdè méjèèjì, kò sì mọ èyí tó kọ́kọ́ gbọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí Ramiro bá wá sílé wọn, òun ló ṣì ń gé ẹran náà.